Ẹja Ni Mo Dá Lẹ́bi

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni a kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní alẹ́ Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ó fọ gbogbo gọ́tà àdúgbò wa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, oòrùn ti ràn, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Mo se ìrẹsì sínú fúláásì ńlá, mo ra omi inú ọ̀rá, mo kó aṣọ ìnura sínú báàgì. Àwa márùn-ún ni a lọ: èmi àti ọkọ mi, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 6, àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan tí ìyá rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tí òun àti ọmọ mi kì í ya ara wọn.

N kò ní dárúkọ etíkun náà. Èkó ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù: àgọ́ tí wọ́n fi tápólì bò, ẹṣin tí wọ́n ń gbà owó gùn, orin mẹ́ta tí ń dún lẹ́ẹ̀kan náà láti ọ̀nà mẹ́ta.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìgbì. Ìgbì òkun Èkó kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó lè fa àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ wọlé kí ó tó mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe wá ibi tí àwọn ọmọ yóò ti ṣeré láìséwu, mo sì rí i. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, gọ́tà ńlá kan láti ìgboro ń ṣàn jáde sórí iyanrìn. Omi rẹ̀ ti tẹ́ rẹrẹ bí adágún kékeré kan kó tó wọ inú òkun. Kò kọjá orúnkún ọmọdé, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìgbì kò sì dé ibẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọkùnrin méjèèjì pé, "Ibí ni kí ẹ ti ṣeré o. Ẹni tó bá sún mọ́ ìgbì, ilé la ń lọ yẹn."

Wọ́n gbọ́ràn. Bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀, tí wọ́n ń da omi síra wọn lórí, tí wọ́n ń gbà á sẹ́nu, tí wọ́n ń tú u síra wọn lójú. Ọmọbìnrin mi kò bá wọn wọ̀ ọ́, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun ọdún ni, kò sì fẹ́ kí omi kàn án. Mo jókòó sábẹ́ agboòrùn, mo ń wò wọ́n. Inú mi dùn pé mo gbọ́n ju àwọn ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìgbì lọ.

Obìnrin kan ń din ẹja nítòsí wa lórí ààrò onígi. Yóò ti lé ní ẹni 60 ọdún. A ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi jẹ odindi méjì, èmi àti ọkọ mi jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu ọmọkùnrin mi. Ọmọ ìsàlẹ̀ ilé kò fẹnu kàn án. Ìrẹsì nìkan ló jẹ, nítorí egungun ẹja ń bà á lẹ́rù.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọkùnrin mi jí, ó ní inú ń run òun. Kí n tó tan iná, ó ti bì sórí ibùsùn. Láti ìgbà náà di àárọ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó sinmi. Mo fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó bì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń sunkún, omijé kò jáde. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun à ń dúró wò. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, ọjọ́ méjì gbáko la sì lò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló jẹ. Kò bi mí pé omi wo ló wọ̀, èmi náà kò sì rò ó. Mo ní ẹja ni, ẹja etíkun. Gbogbo ẹni tó wà nítòsí mirí pé, "Àbí ẹ ò rí nǹkan!"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, ara ọmọ ti ń mókun, ìbínú tèmi náà sì ti mókun. Mo wọ ọkọ̀ padà sí etíkun. Ìyá Ẹlẹ́ja rí mi lókèèrè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Oníbàárà mi, ẹ káàbọ̀ o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

N kò kí i. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: "ìwọ" ni mo pe obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ. Mo ní, "Ẹja jíjẹrà tí o tà fún wa ló fẹ́ pa ọmọ mi!" Mo pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ fi dìde.

Kò bú mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹja tí mo ń tà ni mo ń jẹ. Òun náà ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń jẹ." Ó mú ọ̀kan nínú àwo, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa títí ó fi ku egungun. Mo ní eré ló ń ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti ra tiẹ̀ gbé e padà, ó ní kó dá owó òun fún òun. Mo padà sílé, ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó gba ẹjọ́ rò, tó sì jàre.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àbúrò mi ọkùnrin wá kí wa. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí Ìyá Ẹlẹ́ja ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jẹ ẹja jù nínú yín?"

Mo ní ọmọbìnrin mi ni.

"Ṣé inú run ún?"

Mo ní rárá.

"Ẹ̀yin àti ọkọ yín ńkọ́?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe wá.

"Ọmọ ìsàlẹ̀ ilé tí ẹ mú lọ ńkọ́?"

Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi wọ́. Ìyá ọmọ náà ti sọ fún mi nídìí ẹ̀rọ omi pé inú ọmọ òun ń ṣu gbuuru láti ọjọ́rú. Mo ti bá a káàánú, mo sì ti bá a bú ẹlẹ́ja. Ọmọ náà kò fẹnu kan ẹja.

Àbúrò mi ní, "Àwọn tó jẹ ẹja ní àjẹyó, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn méjì tó ṣàìsàn, àwọn méjì náà ló wọ omi."

Mo ní, "Omi ni, nígbà náà?"

Ó ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn márùn-ún kéré jù láti fi mọ irú nǹkan yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ kò ní ẹ̀rí kankan tí ẹ fi dá ìyá náà lẹ́bi."

Ó wá sọ fún mi bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wádìí bóyá omi etíkun ń ṣe àwọn tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan. Èmi náà lọ kà sí i. Mo rí i pé kì í ṣe èmi ni òbí àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dà láàmú.

Ní ọdún 1957, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló pa á. Àwọn òbí rẹ̀ gbà pé inú òkun tí ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ń ṣàn sí, níbi tó ti lọ lúwẹ̀ẹ́, ló ti kó o, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti ìdọ̀tí etíkun. Ní 1959, àwọn oníṣègùn tó ń ṣe àyẹ̀wò àrùn fún ìjọba ibẹ̀ gbé ìwádìí tiwọn jáde. Wọ́n ti fi àwọn ọmọ tó ní àrùn náà wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní in, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe lọ wẹ̀ lókun tó. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé ewu náà kò tó nǹkan, àyàfi bí omi bá dọ̀tí débi pé yóò máa kó ènìyàn nírìíra. Lọ́rọ̀ kan, bí ojú bá gbà á, kí ara gbà á.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó dán ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa. Láàárín 1989 sí 1992, àwọn olùwádìí kó àwọn àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara wọn lọ sí etíkun mẹ́rin ní Britain. Gbogbo wọn lápapọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn: àwọn kan yóò wọ omi, àwọn kan yóò jókòó sórí iyanrìn. Àwọn tó wọ omi lò tó ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, wọ́n sì ri orí bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ni àwọn kan ń bu omi ní ibi gan-an tí wọ́n wà, fún àyẹ̀wò. Wọ́n tún bi gbogbo wọn léèrè ohun tí wọ́n jẹ, nítorí pé oúnjẹ lè fa irú àìsàn kan náà. Ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn kí n tó wọ ọkọ̀ lọ bú àgbàlagbà.

Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1994, ohun tí wọ́n rí ni pé bí kòkòrò inú ìgbẹ́ tí wọ́n ń kà bá ti ju 32 lọ nínú mílílítà 100 omi tí wọ́n bù níbi tó mu ènìyàn dé àyà, inú rírun àti èébì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín àwọn tó wẹ̀ ju àwọn tó jókòó lọ. Mílílítà 100 kò tó ìdajì ife omi. Omi etíkun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò kó ẹnikẹ́ni nírìíra. Ó tilẹ̀ yege nínú ìdánwò òfin ìgbà náà.

Àwọn àgbàlagbà nìyẹn, nítorí ta ni yóò ṣẹ́ kèké lé ọmọ ọlọ́mọ lórí? Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà. Láti 2003, àwọn olùwádìí ìjọba ibẹ̀ dúró sí etí àwọn adágún ńláńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bí ìdílé bá ti fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n á bi wọ́n pé: ta ló wọ omi? Ta ló ri orí bọ̀ ọ́? Ta ló gbé e mì? Ní ọjọ́ 10 sí 12 lẹ́yìn náà, wọ́n á pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á béèrè ẹni tó ṣàìsàn. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ènìyàn 21,015 ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Bí kòkòrò ìgbẹ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni àìsàn inú ṣe ń pọ̀ tó, àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ ló sì fara gbá a jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọdé? Ìdí kan ni pé wọ́n máa ń mu omi náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, wọ́n wọn iye omi tí àwọn tó ń wẹ̀ nínú ibi ìlúwẹ̀ẹ́ gbé mì láàárín ìṣẹ́jú 45. Èròjà kan wà nínú omi ibẹ̀ tí kì í yí padà nínú ara, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbé e mì, yóò bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n gba ìtọ̀ wọn, wọ́n ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà gbé mílílítà 16 mì, ọmọdé gbé 37 mì. Mílílítà 37 ju ṣíbí ìjẹun ńlá méjì lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń tú omi gọ́tà síra wọn lójú, tí èmi ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí àbúrò mi mú mi lọ wo bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé ìgò omi mélòó kan kò lè sọ ohun tó ṣe ọmọ mi. Mo ní mo gbọ́, kó ṣáà mú mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ: lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kejì òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá tí òjò kò rọ̀. Ó ní ìgò tí wọ́n ti sè kí kòkòrò kankan má bàa wà nínú rẹ̀. Yóò rìn wọ inú omi, yóò di ìdí ìgò mú, yóò dorí rẹ̀ kodò, yóò tì í bọ abẹ́ omi kó tó yí ẹnu rẹ̀ sókè síbi tí omi ti ń bọ̀, kí ohun tó léfòó lójú omi má bàa wọ̀ ọ́. A bu omi nínú adágún gọ́tà yẹn, a bù níbi tí òkun mu wá dé orúnkún, ó sì bù níbi tó mu ún dé àyà. A kì wọ́n sínú kúlà tó kún fún omi dídì, a sì sáré gbé wọn dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí mẹ́fà tó pé.

Níbẹ̀, ó da mílílítà 100 gba inú asẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi ń kọjá, kòkòrò kò lè kọjá. Ó gbé asẹ́ náà lé oúnjẹ kòkòrò nínú àwo kékeré, ó gbé àwo sínú àpótí tó ń móoru ní ìwọ̀n 41, ó di ọjọ́ kejì. Kòkòrò tó ń wá ni wọ́n ń pè ní enterococci. Inú ìfun ènìyàn àti ẹran ló ń gbé, ó sì máa ń pẹ́ nínú omi iyọ̀ kó tó kú. Bí ó bá wà níbẹ̀, yóò di àmì róbótó tí àwọ̀ búlúù yí ká, wọ́n á sì kà á níkọ̀ọ̀kan.

Mo bi í bóyá kòkòrò yìí ló ń fa àìsàn náà. Ó ní rárá, kì í sábà jẹ́ òun gan-an. Èéfín ni, kì í ṣe iná. Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń da inú ọmọ rú ṣòro láti wá nínú omi, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí enterococci bá pọ̀, ìgbẹ́ ti wọ omi náà nìyẹn, ohunkóhun tó bá sì wà nínú ìgbẹ́ ìlú lè wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àwọn àwo náà síwájú mi. Àwo omi òkun tó mu wá dé àyà, tí a bù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí òjò kò rọ̀, ìka ọwọ́ mi tó mi í kà. Ti orúnkún pọ̀ jù ú lọ. Àwo adágún gọ́tà ti ọjọ́ kejì òjò, kò sí ẹni tó lè kà á. Àwọn àmì náà ti gun ara wọn, gbogbo ojú asẹ́ di búlúù. Láti 1986 ni àwọn Amẹ́ríkà ti fi 35 nínú mílílítà 100 ṣe òdiwọ̀n àròpín fún omi òkun tí ènìyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí mo yàn fún ọmọ mi nítorí pé kò séwu níbẹ̀ ni mo ń wò yẹn.

Mo bi í pé, níbo ni ìgbẹ́ ti ń wọ inú gọ́tà? Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kòtò ìgbẹ́ ilé tí a ń gbé ti kún láti ọdún tó kọjá. Onílé ní kí àwa ayálégbé dá owó ọkọ̀ tí yóò wá fà á. A jókòó, a jiyàn, a ní òun ló ni ilé, kò kàn wá. Mo wà lára àwọn tí ohùn wọn ga jù. Láti ìgbà náà, bí òjò ńlá bá ti rọ̀ lóru, a máa ń gbọ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ onílé ṣe ń ṣí páìpù sínú gọ́tà kí àgbàrá gbé e lọ. Mo gbọ́ ọ ní alẹ́ Sátidé ọdún Àjíǹde. Mo kan bo imú mi, mo sùn padà. N kò lè sọ pé gọ́tà àdúgbò wa ló dé etíkun yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo gọ́tà ló níbi tó ń lọ, ilé tiwa nìkan kọ́ ló sì ń ṣí páìpù lóru òjò.

Nǹkan kan wà nínú àyẹ̀wò yìí tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Odindi ọjọ́ kan ni àwo náà ń lò nínú àpótí. Omi tí wọ́n bù lónìí, ọ̀la ni èsì rẹ̀ ń jáde, nígbà tí àwọn tó wẹ̀ lónìí ti wà nílé. Àyẹ̀wò mìíràn wà báyìí tó ń wá àmì ìdánimọ̀ kòkòrò náà fúnra rẹ̀, tó sì ń sọ èsì láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n. Ní etíkun wa tí a lọ, n kò rí pátákó kankan tó sọ bí omi ṣe rí, ì báà ṣe ti àná. Àwa òbí ló máa lo làákàyè, yálà Badagry la gbé ọmọ lọ, tàbí Ìbẹ́nò ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, tàbí Accra, tàbí Lomé.

Àkọ́kọ́ ni òjò. Ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ ìlera ni pé kí ènìyàn má wọ òkun fún wákàtí 72 lẹ́yìn òjò, pàápàá nítòsí ẹnu gọ́tà. Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Èkejì, ẹ jìnnà sí ibi tí gọ́tà tàbí odò kékeré bá ti ń wọ òkun, bó ti wù kó tẹ́jú tó, bó ti wù kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Ẹ̀kẹta, oòrùn máa ń pa kòkòrò yìí, nítorí náà omi ọ̀sán sábà máa ń sàn ju ti àárọ̀ kùtù lọ. Ẹ̀kẹrin, iyanrìn náà ń kó o. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà rí i pé inú máa ń run àwọn tó gbẹ́ iyanrìn tàbí tí wọ́n bo ara wọn mọ́ inú rẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Ẹ̀karùn-ún, ọmọ tí inú rẹ̀ ń ṣu kò gbọdọ̀ wọ omi tí àwọn ọmọ mìíràn wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí kòkòrò lé ọmọ lọ sínú ìgbì o! Ìgbì ṣì ń pani. Ibi tí àwọn olùṣọ́ omi bá wà, lójú yín, níbi tí kò jìn, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ ti gbẹ, ibẹ̀ ló dára.

Ilé wa ti dá owó ọkọ̀ náà. Èmi ni mo lọ láti yàrá dé yàrá. Àwọn kan bú mi, wọ́n ní àbí onílé ti fún mi ní nǹkan. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó ku Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sún un síwájú kí n tó lọ. Wọ́n ti sún ààrò rẹ̀ kúrò níwájú. Ẹ̀yìn àgọ́, níbi tí èrò kì í sábà gbà, ni mo ti bá a. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣe àṣìṣe."

Kò tètè fèsì. Ó yí ẹja inú epo padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo jẹ ẹja yẹn lójú yín."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọjọ́ yẹn, mo gbé gbogbo ọjà padà sílé ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń fúnni ní ààyè níhìn-ín ní kí n kúrò níwájú."

N kò ní ohun tí mo lè sọ. Mo mú owó tí mo dì sínú àpò ìwé jáde. Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní, "Ẹja ni mo ń tà." Ó tún ní, "Ọmọ ńkọ́? Ara rẹ̀ le?"

Mo ní ara rẹ̀ ti le. Mo ra ẹja mẹ́fà. Bó ṣe ń wé e, mo sọ ohun tí mo rí nínú àwo fún un, mo sì nawọ́ sí adágún gọ́tà náà. Àwọn ọmọ bíi mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń da omi síra wọn lórí. Ó ní, "Ibi yẹn? Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa ṣeré níbẹ̀. Mo ní ìgbì kò dé ibẹ̀."

Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.